A Gbẹ́ Àpótí, A Kan Àga

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìtàn ohun èlò kan láàrin àwọn Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún ṣíṣe rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìkòkò ni à ń mọ, ọkọ́ ni à ń rọ, ẹní ni à ń hun. Ní ti ohun tí a ń jókòó lé, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà, wọ́n sì jìnnà sí ara wọn. Àwọn àgbà ní Ìjerò, ní Aràmọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè kì í sọ pé àwọn kan àpótí ìjókòó. Gbígbẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Wọn kì í sì í sọ pé àwọn gbẹ́ àga. Kíkàn ni wọ́n ń kàn án. Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí àwọn káfíńtà ti ń fi àjẹkù pákó kan àpótí kékeré tí àwọn obìnrin ń jókòó lé nídìí ààrò. Bí a bá wò ó dáadáa, àga kékeré tí kò ní ẹ̀yìn ni. Orúkọ àpótí ni wọ́n yá fún un.

Ẹni tí ó ń gbẹ́ nǹkan, mímú kúrò ni iṣẹ́ rẹ̀. Odidi ìtì igi ni ó gbé síwájú, ó sì ń fi àáké àti ọ̀bẹ gé ohun tí kò fẹ́ dànù títí ohun tí ó fẹ́ yóò fi ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó ń kan nǹkan, fífi kún ni tirẹ̀. Igi wẹ́wẹ́ ni ó kó jọ, ó sì ń wá bí wọn yóò ṣe di ara wọn mú tí wọn yóò fi di ọ̀kan. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé ìtàn àga onígi, láti ìwọ̀-oòrùn Èkìtì títí dé Vienna àti Copenhagen, jẹ́ ìtàn bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe bá ìwà igi dunádúrà. Mo sì gbà pé a ti ṣe àìdáa sí apá kan ìtàn náà nílé wa. A sọ agbẹ́gi di olọ́nà, a kọ ìwé nípa rẹ̀. A sọ káfíńtà di ẹni tí a ń ránṣẹ́ sí nígbà tí ilẹ̀kùn bá jábọ́.

Èdè fúnra rẹ̀ kò pààlà yìí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe Jósẹ́fù ní gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe ẹni tí ó gbẹ́ òpó ààfin. Ẹni tí ó gbẹ́ ọnà ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ káfíńtà wọlé tán ni a wá rí àyè fi ọnà sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan, tí a sì fi iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ agbẹ́gi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó dàgbà jù. Ẹ̀fọ̀n Aláayè jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ ọnà ti gbilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdílé Adéṣínà níbẹ̀ lókìkí fún adé onílẹ̀kẹ̀, ìdílé náà sì ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́ ti wá, ẹni tí ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí ó sì kú ní 1945. Ẹ̀fọ̀n kan náà ni a bí Ọlọ́wẹ̀ sí ní nǹkan bí 1873, kí ó tó lọ dàgbà ní Ìsẹ̀, níbi tí ó ti di agbẹ́gi Arínjalẹ̀. Ó kú ní 1938. Àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó tí wọ́n mọ iṣẹ́ ọnà Yorùbá kò fi bò pé wọ́n kà á kún ọ̀kan nínú àwọn àgbà agbẹ́gi ilẹ̀ Áfíríkà.

Láàrin 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ṣiṣẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ níbẹ̀ wà ní ilé ọnà ńlá ti Chicago. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ fíìfíì. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa olorì. Ìtẹ́ ni èmi máa ń wò. Ìtẹ́, ọba àti olorì, igi kan ṣoṣo ni wọ́n. Kò sí ibi tí a ti so ohunkóhun mọ́ ohunkóhun. Ẹsẹ̀ ìtẹ́ náà kò ní yẹ̀ láéláé, nítorí kò sí ihò tí ó lè fẹ̀ sí i, kò sí ìṣó tí ó lè dípẹtà.

Kí ló dé, nígbà náà, tí irú agbẹ́gi bẹ́ẹ̀ kò fi gbẹ́ àga tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì fún ilé gbogbo ènìyàn? Ìdáhùn wà nínú igi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti la igi ìdáná rí mọ̀ pé igi a máa là ní ìbámu pẹ̀lú iṣan rẹ̀. Kì í là ní ìdábùú. Iṣan ni mo pe àwọn ìlà tí ó ń bá gígùn igi lọ láti gbòǹgbò dé orí. Agbára igi wà ní gígùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni àìlera rẹ̀ wà. Bí a bá gbé ìtì kan nàró tí a sì gbẹ́ ẹsẹ̀ àpótí láti inú rẹ̀, iṣan ń lọ lókè-sílẹ̀, ẹsẹ̀ náà yóò sì gba ẹrù. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbẹ́ apá àga tín-ínrín láti inú ìtì kan náà, apá náà yóò nà gbọọrọ nígbà tí iṣan yóò dá a gé ní ìdábùú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí baba olówó bá fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti dìde ni yóò kán. Ìdí nìyí tí àpótí wa fi rí bí ó ṣe rí: ó kúrú, ó kì, kò ní ẹ̀yìn, kò ní apá. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Ohun tí igi gbà ni agbẹ́gi ṣe, ó sì fi ọgbọ́n rẹ̀ yòókù sí ọnà ara rẹ̀.

Àwọn ará Asante pàápàá bá ìṣòro yìí pàdé. Àpótí wọn, gígbẹ́ ni láti inú igi kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí àga àwọn oníṣòwò òyìnbó etíkun, wọn kò gbìyànjú láti gbẹ́ ẹ. Wọ́n kan tiwọn, tí wọ́n ń pè ní asipim, wọ́n sì fi ìṣó idẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àti àpótí àti àga ni wọ́n jọ wà ní ààfin, ìkíní kò lé èkejì jáde.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ gbèjà Ògògà. Lára iṣẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ṣe ní Ìkẹ́rẹ́ ni ìlẹ̀kùn alápá méjì kan, tí ó fi hàn bí ọba ṣe gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lálejò. Wọ́n kó ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley, ní London, ní 1924. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ti Britain rí i, ojú wọn kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ògògà kò tà á. Ohun tí ó gbà ni pé kí wọ́n fi ìtẹ́ tí a kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Títí di òní ni ìlẹ̀kùn náà wà ní London.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi pàṣípààrọ̀ yìí rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọba fi góòlù ra gílóòbù. N kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Iye tí ọjà ọnà fi lé iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ lónìí kò sí ní 1924, ẹni tí ó sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn náà ṣì wà láàyè ní ìtòsí ọba. Ohun tí kò sí nítòsí ni ìtẹ́ tí ó ga lẹ́yìn, tí ó ní apá, tí a kàn láti inú igi púpọ̀. Lójú tèmi, ọba tí ó béèrè àga ń béèrè ìmọ̀ kan tí ìlú rẹ̀ kò tíì ní. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé àga nìkan ni ó dé. Ìmọ̀ kò bá a wá.

Ìmọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn dé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Brazil ti mú iṣẹ́ káfíńtà wọ Èkó. Lẹ́yìn ogun Kírìjì, tí ó jà láti 1877 sí 1893, àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lọ sí etíkun ń padà bọ̀ wálé, ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ sì ń bá wọn bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe láìsí bẹ́ǹṣì, ilé-ìwé kò lè ṣe láìsí tábìlì. Nígbà tí owó kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí àwọn ènìyàn ń kọ́ ilé alájà ní Ìjerò àti ní Aràmọkọ, àga ìrọ̀gbọ̀kú di dandan ní pálọ̀. Àwòkọ irú èyí tí PWD ń kó sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni: ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó ní apá pẹlẹbẹ tí a lè gbé ife lé, igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tìmùtìmù méjì lórí rẹ̀. Ìrókò ni wọ́n fi ń kàn án, nítorí ikán kì í fẹ́ràn ìrókò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó a lo àrère, kí ó sì fi fáníìṣì bo àṣírí.

Nínú àga yìí, iṣan igi kọ̀ọ̀kan ń bá gígùn rẹ̀ lọ. Apá ní iṣan tirẹ̀ ní ìbú, ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ ní òró. Kò sí ibi tí ó tín-ínrín tí iṣan dá gé. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó kúrò lára igi ti bọ́ sí oríkèé, ìyẹn ibi tí igi méjì ti pàdé. Káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ yóò gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sínú ẹsẹ̀, yóò fá orí igi ìdábùú bí ahọ́n, yóò ti ahọ́n bọ ihò, yóò sì fi èèkàn igi kékeré kan dá a dúró. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, tàbí tí oníbàárà kò fún lówó tó, yóò kàn lu ìṣó mọ́ ọn. Ní àkókò òjò, igi a máa wú ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n wá, a sún kì. Ìṣó kì í bá a wú, kì í bá a sún kì. Láàrin ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ihò ìṣó ti fẹ̀, àga sì ti ń ké bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́.

Ìṣòro oríkèé yìí ni Michael Thonet, ọmọ Jámánì tí a bí ní Boppard ní 1796 tí ó sì ṣí lọ sí Vienna ní 1842, fi gbogbo ayé rẹ̀ lé. Ọ̀nà kẹta ni ó tọ̀: kò gbẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbára lé kíkàn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi ooru omi gbígbóná rọ ọ̀pá igi beech, ó fi irin pẹlẹbẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má baà là, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú irin tí ó ní ìrísí tí ó fẹ́. Nígbà tí ó bá gbẹ, kì í nà mọ́. Àwọn tiwa náà mọ̀ pé igi ń tẹ̀. Ọdẹ tí ó ní ọrun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Thonet tẹ ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì àti ẹ̀yìn àga lẹ́ẹ̀kan náà, tí iṣan igi sì bá a yí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Oríkèé mélòó kan ti pòórá nìyẹn.

Àga rẹ̀ tí ó lókìkí jù, Nọ́ńbà 14, jáde ní 1859. Igi mẹ́fà, sukúrúù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì irú rẹ̀ tí a kò tíì tò ń wọ inú àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ní 1930, wọ́n ti tà tó 50 mílíọ̀nù. Ẹni tí ó rà á ni yóò tò ó fúnra rẹ̀, bí oríkèé kan bá sì yẹ̀, sukúrúù ni yóò fún. Ohun tí ó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Thonet kò nílò láti mọ àga í ṣe. Ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ń fá a, ẹlòmíràn ń kùn ún. Ọgbọ́n kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́, ó wọ inú irin.

Hans Wegner ti ilẹ̀ Denmark kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò. A bí i ní 1914, ọmọ oníbàtà ni, ó sì wọ iṣẹ́ káfíńtà nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Copenhagen. Ní 1949, ó ṣe àga kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà wá sọ ní "The Chair" lásán, bí ẹni pé kò sí òmíràn. Igi kan tí ó rí rogodo ni ó jẹ́ ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ méjèèjì. Ojú lásán kò lè mọ̀ pé ìṣòro agbẹ́gi Ẹ̀fọ̀n gan-an ni Wegner bá pàdé níbẹ̀: igi tí ó yí báyìí, bí a bá gé e láti inú pákó kan ṣoṣo, iṣan yóò dá a gé níbi tí apá ti yí sí ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán. Nítorí náà ó pín in sí mẹ́ta, kí iṣan apá kọ̀ọ̀kan lè máa bá gígùn rẹ̀ lọ. Lára àga àkọ́kọ́, ó fi pankẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ wé ẹ̀yìn náà, ó sì fi bo oríkèé. Kò pẹ́ tí ó fi ṣí i sílẹ̀. Ó gé orí àwọn igi náà ní wọ́ńkọ-wọ̀ǹkọ bí eyín ayùn, eyín wọ inú eyín, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Oríkèé tí à ń fi pamọ́ wá di ọnà.

Àga yìí ni Kennedy àti Nixon jókòó lé nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1960, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú òmìnira wa. Ní ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Carl Hansen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òmíràn nínú àga Wegner, èyí tí a fi okùn bébà hun ìjókòó rẹ̀. Okùn náà gùn tó 120 mítà lórí àga kan, ìgbésẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sì lé ní 100. Wọ́n ṣì ń ṣe é. Ẹ̀rọ ni ó ń gé igi, ọwọ́ ni ó ń hun ún.

Bí mo bá gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ara wọn, ti Thonet ni mo gbà pé ó gbọ́n jù, ti Wegner ni mo gbà pé ó dára jù, ṣùgbọ́n ti káfíńtà Aràmọkọ ni mo fẹ́ kí ó wà ní ilé mi. Kì í ṣe ìfẹ́ ìlú nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Àga Thonet fúyẹ́ ju kí baba arúgbó máa sùn lórí rẹ̀ ní ọ̀sán. Àga Wegner gbówó lórí ju owó-oṣù olùkọ́ lọ. Àga ìrọ̀gbọ̀kú onírókò, tí a fi ahọ́n àti èèkàn kàn, kò ju kí a fa tìmùtìmù rẹ̀ yọ kí a sì fi òmíràn sí i. Ọmọ ọmọ yóò sì jókòó lé e. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, ó sì ń gba àyè. Káfíńtà tí ó tún un rò, tí ó dín ara rẹ̀ kù, tí ó yẹ oríkèé rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò pọ̀ láàrin wa, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ohun tí ó ń ṣe yẹ ní ríròjinlẹ̀.

Àyè kan ṣí sílẹ̀ nígbà kan. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá O'Mahoney dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Bándélé, ọmọ Àrẹógun ti Ọ̀sì, ti gbẹ́ igi fún ìjọ Àgùdà, tí ó sì kọ́ Lámídì Fákéyẹ níṣẹ́. Ó parí ní 1954. Carroll kọ ìwé lé e lórí ní 1967, ibẹ̀ sì ni a ti rí àwọn orúkọ tí àwọn agbẹ́gi fún ìpele iṣẹ́ wọn: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ohun iyebíye ni àkọsílẹ̀ yẹn. Bí ẹnì kan bá ti jókòó ti àwọn káfíńtà ní Ìjerò ní àkókò kan náà, tí ó kọ orúkọ tí wọ́n ń pe oríkèé kọ̀ọ̀kan, igi tí wọ́n ń yàn fún apá àti èyí tí wọ́n ń yàn fún ẹsẹ̀, à bá ní ìwé kejì. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ agbẹ́gi nìkan ni gbẹ́nugbẹ́nu lọ.

Ní báyìí, àga oníke ti gba ìlú. Ní 1972, Henry Massonnet ní ilẹ̀ Faransé gbé irú rẹ̀ kan jáde, tí ẹ̀rọ ń dà jáde lódidi ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan tàbí díẹ̀ lé. Kò sí òde ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ní Ẹ̀fọ̀n tí a kì í ti tò ó sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí po: àga yìí kò ní oríkèé rárá. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni, bí ìtẹ́ ara òpó Ìkẹ́rẹ́. A kì í gbẹ́ ẹ, a kì í kàn án. Dídà ni à ń dà á. Níwọ̀n bí kò ti ní iṣan, ó ní apá, ó ní ẹ̀yìn, ó fúyẹ́, ó sì pọ̀ lọ́jà. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ kò lè rí gbà lọ́wọ́ igi, ike fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ya, kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ bá. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi okùn dì lẹ́sẹ̀, mo ti rí èyí tí wọ́n kì bọ inú òmíràn kí méjì lè ru ènìyàn kan.

Àwọn àga kòkó ń lọ sídìí ààrò. Bí àwọn ọmọ bá tún pálọ̀ baba wọn ṣe, àga onírókò ni ó ń kọ́kọ́ jáde síta, òjò a sì pa á títí ẹnì kan yóò fi là á dáná. Káfíńtà àgbà kan ní Aràmọkọ máa ń ra irú wọn lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ dáná. Ó dojú ọ̀kan dé níwájú mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé ẹsẹ̀ iwájú, ó sì fi èèkàn inú rẹ̀ hàn mí. Ó ní ọ̀gá òun ni ó kàn án, pé òun mọ ọwọ́ rẹ̀ lára bí ó ṣe ń gé orí èèkàn ní ìdagẹ̀rẹ̀. Mo bi í ní orúkọ ọ̀gá náà. Ó sọ ọ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí n kọ orúkọ àwọn mẹ́rin tí àwọn jọ kọ́ṣẹ́ náà sí abẹ́ rẹ̀.